Bàyọ́lọ́jì A Level ti Cambridge: Bí Wọ́n Ṣe Pín In àti Ibi Tí Máàkì Wà

Bàyọ́lọ́jì A Level ti Cambridge International, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 9700, kì í ṣe ìdánwò kan ṣoṣo. Pépà márùn-ún ni, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò sì jọra. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé dáadáa lè pàdánù máàkì rẹpẹtẹ nítorí pé ọ̀nà kan náà ló gbà múra sílẹ̀ fún márààrún: ó ka ìwé, ó há a sórí, ó rò pé ó parí. Ìdánwò yìí ń wo orí, ó ń wo ọwọ́, ó sì ń wo bí èèyàn ṣe ń ronú nípa iṣẹ́ tí kò tíì ṣe rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí náà àwọn ọ̀rọ̀ tí olùmáàkì ń wá la máa fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa hàn lórí ìwé rẹ.

Pépà márùn-ún àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó

Pépà 1 jẹ́ ìbéèrè 40, ìdáhùn mẹ́rin wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o mú ọ̀kan. Máàkì 40 ni, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15 ni àkókò rẹ̀. Pépà 2 náà gba wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n máàkì 60 ló ní; inú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ìwé ìbéèrè ni wàá kọ ìdáhùn sí. Pépà 3 ni ti láàbù, wákàtí 2, máàkì 40. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni AS Level, ìyẹn apá àkọ́kọ́ A Level. Nínú ọgọ́rùn-ún AS, 31 jẹ́ ti Pépà 1, 46 jẹ́ ti Pépà 2, 23 jẹ́ ti Pépà 3.

Ẹni tó fẹ́ gba A Level lódindi máa fi méjì kún un. Pépà 4 ní máàkì 100 ní wákàtí 2. Pépà 5 ní máàkì 30 ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15; ọ̀rọ̀ ìwádìí láàbù ló dá lé, ṣùgbọ́n o kò ní fọwọ́ kan ohun èlò kankan, orí ìwé ni wàá ti ṣe ètò rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, bí ọgọ́rùn-ún ṣe pín láti Pépà 1 dé Pépà 5 nìyí: 15.5, 23, 11.5, 38.5, 11.5.

Ìṣirò kékeré kan wà tó yẹ kí o ṣe kí o tó ṣí ìwé rárá. Mú ìdá tí pépà kan kó, fi iye máàkì rẹ̀ pín in. Máàkì kan nínú Pépà 4 jẹ́ 0.385 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú Pépà 5, ó jẹ́ 0.38. Iye kan náà ni tán. Ṣùgbọ́n wo àkókò: Pépà 4 fún ọ ní ìṣẹ́jú àáyá 72 fún máàkì kan, Pépà 5 fún ọ ní 150. Máàkì tó níye lórí bákan náà, wọ́n fún ọ ní ìlọ́po méjì àkókò láti wá a. Síbẹ̀ Pépà 5 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi sí ìkẹyìn, bíi pé àfikún ni. Máàkì Pépà 3 fúyẹ́ díẹ̀ nínú A Level, nǹkan bíi 0.29, àmọ́ tí o bá pa á pọ̀ mọ́ Pépà 5, 23 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n jọ kó. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin, kò sì sí èyí tí híhá sórí lè gbà fún ọ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. O lè ṣe AS nìkan, kí o dúró síbẹ̀. O lè ṣe AS ní sáà kan, kí o wá ṣe Pépà 4 àti 5 ní sáà mìíràn. Máàkì AS rẹ á tẹ̀ lé ọ lọ, bí sáà kejì kò bá ti kọjá oṣù 13 sí àkọ́kọ́. O sì lè ṣe márààrún ní sáà kan ṣoṣo. Èyí àárín la gbà pé ó dára jù fún ẹni tó ní ọdún méjì, nítorí pé èsì AS máa fi hàn ọ́ ní kedere ibi tí o ti kù díẹ̀ káàtó kí ẹrù tó pọ̀ jù. Ẹni tó máa ṣe gbogbo rẹ̀ papọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tó kọ́ ní oṣù àkọ́kọ́ ṣì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn.

Oṣù kẹfà àti oṣù kọkànlá ni sáà ìdánwò náà kárí ayé. A* títí dé E ni gíréèdì A Level. AS kò ní A*, a títí dé e ni, lẹ́tà kékeré sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Iye máàkì tó ń gba A tàbí B kì í dúró sójú kan. Lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pinnu rẹ̀, bí pépà ọdún yẹn bá ṣe le sí, nítorí náà má ṣe máa lé nọ́ńbà kan tí ẹnì kan sọ fún ọ pé òun ni ààlà.

Ohun tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì

Orí 19 ni. Mọ́kànlá àkọ́kọ́ jẹ́ ti AS: sẹ́ẹ̀lì, àwọn mólékù inú ohun abẹ̀mí, ẹ́ńsáìmù, awọ sẹ́ẹ̀lì àti bí nǹkan ṣe ń gbà á kọjá, mitosis, DNA àti bí protein ṣe ń di ṣíṣe, ìrìnnà nínú ewéko, ìrìnnà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹranko afọ́mọlọ́mú, gas exchange, àrùn tó ń ràn, àti bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn. Mẹ́jọ tó kù jẹ́ ti ọdún kejì: respiration, photosynthesis, homeostasis, bí ara ṣe ń darí ara rẹ̀, ohun tí ọmọ ń jogún, selection àti evolution, ìpínsísọ̀rí ohun abẹ̀mí pẹ̀lú ìdáàbòbò wọn, àti genetic technology.

Orí 12 sí 19 ni Pépà 4 dá lé, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé o ṣì mọ ti AS. Ẹni tó bá ti gbàgbé bí ion ṣe ń gba awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá kò ní lè ṣàlàyé iṣẹ́ nerve, bó ti wù kó ka orí 15 tó. Ní ti Pépà 3 àti 5, wọ́n lè mú ohun tí o kò gbọ́ rí wá. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Ọgbọ́n ìwádìí ni wọ́n ń wò, gbogbo ohun tí o nílò nípa ọ̀rọ̀ náà á sì wà nínú ìbéèrè.

Wákàtí 360 ni wọ́n ṣírò fún ẹ̀kọ́ náà lódindi, 180 nínú rẹ̀ fún AS. Wọ́n sì dámọ̀ràn pé ó kéré tán ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò náà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣiṣẹ́ láàbù fúnra rẹ̀ tàbí pẹ̀lú àwọn díẹ̀. Wákàtí 72 nìyẹn. Wíwo olùkọ́ níwájú kíláàsì kò sí lára rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ kò bá sún mọ́ iye yẹn, tètè sọ ọ́, nítorí Pépà 3 kò ṣeé fi ojú inú kọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè

Ibí yìí ni máàkì ti ń dà nù jù nínú Pépà 2 àti 4. "Describe" ní kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Explain" ní kí o sọ ìdí rẹ̀. "State" ń fẹ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí gbólóhùn kan. "Suggest" túmọ̀ sí pé ìdáhùn náà lè má sí nínú ìwé rẹ, kí o fi ohun tí o mọ̀ ronú dé ibẹ̀. "Compare" ń fẹ́ kí o fi nǹkan méjèèjì sínú gbólóhùn kan náà. Ìpínrọ̀ kan nípa ti àkọ́kọ́ àti òmíràn nípa ti ìkejì kì í ṣe ìfiwéra.

Ká ní gíráàfù kan fi hàn bí ẹ́ńsáìmù ṣe ń yára sí i láti 10 °C dé 40 °C, tó sì wá lọ sílẹ̀ di òdo ní 65 °C. Bí wọ́n bá ní "describe", ìdáhùn rẹ ni pé ó gòkè, ibi tó ga jù jẹ́ 40 °C, lẹ́yìn náà ó já wálẹ̀ títí di òdo ní 65 °C. Kí o sì mú nọ́ńbà láti orí gíráàfù náà, pẹ̀lú yúnìtì. Bí wọ́n bá ní "explain", a kò nílò nọ́ńbà mọ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kinetic energy pọ̀ sí i, ẹ́ńsáìmù àti substrate ń pàdé lemọ́lemọ́, enzyme–substrate complex ń pọ̀. Lókè 40 °C, hydrogen bond ń já, active site pàdánù ìrísí rẹ̀, kò sì complementary sí substrate mọ́. Ẹni tó kọ ìkejì nígbà tí wọ́n béèrè àkọ́kọ́ kọ òtítọ́, kò sì gba nǹkan kan.

Iye máàkì tó wà ní ìparí ìbéèrè ń sọ iye kókó tí wọ́n ń wá. Máàkì mẹ́rin kì í ṣe ìlà mẹ́rin, kókó mẹ́rin tó yàtọ̀ síra ni. Kíkọ kókó kan lọ́nà mẹ́ta kò lè gba ju máàkì kan lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó péye. "Amount" kò tó: ṣé concentration ni, ṣé volume ni, ṣé mass ni? Omi kì í lọ láti ibi tí concentration omi ti pọ̀. Láti higher water potential lọ sí lower water potential ni. Ẹ́ńsáìmù kì í kú, ó ń denature. Bakitéríà kì í di immune sí oògùn, ó ń di resistant. Ènìyàn ni immune. Respiration kì í "produce" agbára, ó ń tú u sílẹ̀ fún ṣíṣe ATP. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra náà ń pa èèyàn lára: glycogen, glucagon àti glucose, mitosis àti meiosis, ureter àti urethra. Olùmáàkì kì í gé máàkì fún sípẹ́lì lásán, àmọ́ bí ohun tí o kọ bá lè jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, kò ní bá ọ yàn. Kọ wọ́n sórí ìwé kan, kí o máa wò wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Pépà 3: iṣẹ́ ọwọ́

Nínú máàkì 40 náà, 16 jẹ́ ti mímú ohun èlò, wíwọn nǹkan àti fífojú sílẹ̀. 12 jẹ́ ti bí o ṣe kọ èsì sílẹ̀ àti bí o ṣe yà á. 12 tó kù jẹ́ ti àlàyé, ìparí èrò àti àbùkù iṣẹ́ náà. Ìbéèrè méjì ló sábà máa ń wà, ọ̀kan pẹ̀lú omi èròjà, èkejì pẹ̀lú máíkíróskóòpù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló wà fún máàkì kan, ó sì dà bíi pé ó pọ̀, títí omi tí o gbé kaná kò fi tíì gbóná. Nítorí náà ka ìbéèrè tán pátápátá, tan iná sábẹ́ omi rẹ, yà àtẹ èsì rẹ sílẹ̀ lófo, kí o tó da ohunkóhun pọ̀.

Dídín concentration kù máa ń yọjú lemọ́lemọ́. Bí o bá ní omi èròjà 1.0% tí wọ́n ní kí o dín in kù ní ìlọ́po mẹ́wàá, wọ̀n 1 cm³ sínú túùbù, fi omi 9 cm³ sí i, rò ó pọ̀ dáadáa, kí o tó mú 1 cm³ nínú rẹ̀ lọ sí túùbù tó kàn. Bó bá jẹ́ ìdajì ni wọ́n fẹ́, 10 cm³ sínú omi 10 cm³ ni, wàá sì ní 0.5, 0.25, 0.125 àti 0.0625%. Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ 0.8, 0.6, 0.4 àti 0.2%, láti inú 1.0% ni wàá ti ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan: fún 20 cm³ ti 0.8%, 16 cm³ èròjà àti 4 cm³ omi. Ẹni tí kò rò ó pọ̀ kó tó mú lọ sí túùbù kejì ti ba gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e jẹ́. Bí sírínjì kan ṣoṣo ni o ní, bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí concentration rẹ̀ kéré jù, kí ìyókù tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ má bàa yí èsì padà púpọ̀.

Àtẹ rẹ gbọ́dọ̀ ní ìlà tí o fi rúlà fà. Ohun tí ìwọ ń yí padà ló máa wà ní òpó àkọ́kọ́, ohun tí o ń wọ̀n tẹ̀ lé e. Orí òpó nìkan ni yúnìtì ń wà, báyìí: "time / s". Bí "s" bá tún fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà inú àtẹ, máàkì náà lọ. Iye nọ́ńbà lẹ́yìn ojú àmì (decimal places) gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú òpó kan. Aago lè kọ 32.47 síwájú rẹ. 32 ni kí o kọ, nítorí ọwọ́ rẹ kò yára tó láti mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú 0.47. Bí nǹkan kò bá sì tíì yí àwọ̀ nígbà tí àkókò tí wọ́n fún ọ, ká ní ìṣẹ́jú àáyá 180, pé, "more than 180" lo máa kọ, kì í ṣe àmì òdo tàbí fífi àyè sílẹ̀.

Ní ti gíráàfù, jẹ́ kí ó gba ju ìdajì àyè náà lọ ní ìbú àti ní òró. Jẹ́ kí àpótí 2 cm dúró fún 1, 2, 5, 10 tàbí irú wọn. Má ṣe lo 3 tàbí 7, wàá fi ojú kó sí wàhálà, olùmáàkì náà kò sì ní gbà á. Àmì × kékeré tàbí tótó inú òbìrípo ni kí o fi sàmì. Fi rúlà so àwọn àmì náà pọ̀, má sì fa ìlà kọjá àmì àkọ́kọ́ tàbí ti ìkẹyìn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yà ẹ̀yà ni nǹkan rẹ, bar chart ni, àlàfo sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì.

Yíyàwòrán ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù láìnídìí. Kò sẹ́ni tó ń wá ayàwòrán. Pẹ́ńsùlù ẹnu mímú, ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò já, tí a kò fà lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ìkunkùn kankan, àwòrán ńlá. Plan diagram ń fi ìpele ìpele ara hàn nìkan. Bí o bá ya sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sínú rẹ̀, o ti pàdánù máàkì. Ti high power (lẹ́ǹsì tó ń mú nǹkan tóbi jù) ni sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀: bí wọ́n bá ní mẹ́rin, mẹ́rin ni, tí ara wọn kan ara wọn, ìlà méjì sì ni ògiri sẹ́ẹ̀lì ewéko. Ohun tó wà lábẹ́ lẹ́ǹsì rẹ ni kí o yà. Ẹni tó ya àwòrán inú ìwé láti orí ni olùmáàkì máa ń tètè mọ̀, nítorí irú sláìdì tí wọ́n fún ọ wà lọ́dọ̀ òun náà.

Ìwọ̀n ohun tí a rí lábẹ́ máíkíróskóòpù wá pẹ̀lú ìṣirò méjì. Àkọ́kọ́: ìwọ̀n gidi jẹ́ ìwọ̀n àwòrán tí a fi magnification (ìlọ́po tí àwòrán fi tóbi ju ohun gidi lọ) pín. Bí ìlà kan lórí àwòrán bá jẹ́ 42 mm, tí magnification jẹ́ ×600, kọ́kọ́ sọ ọ́ di 42 000 µm (1 mm jẹ́ 1000 µm), wá fi 600 pín in: 70 µm. Ẹni tó bá pín kó tó yí yúnìtì padà sábà máa ń ṣìnà pẹ̀lú òdo mẹ́ta. Èkejì ni ti eyepiece graticule, rúlà kékeré inú lẹ́ǹsì ojú, tí kò ní ìwọ̀n tirẹ̀ títí a ó fi wọ̀n ọ́n mọ́ stage micrometer, sláìdì tí a ti mọ ìwọ̀n ìlà rẹ̀. Bí ìpín 40 graticule bá bá 0.1 mm mu, ìyẹn 100 µm, ìpín kan jẹ́ 2.5 µm, sẹ́ẹ̀lì tó gùn ní ìpín 18 jẹ́ 45 µm. Bí o bá yí lẹ́ǹsì padà, nọ́ńbà yẹn kò wúlò mọ́, tún un wọ̀n.

Nígbà tí wọ́n bá béèrè àbùkù iṣẹ́ náà, má kọ "human error". Kò sọ nǹkan kan. Sọ ohun tó ṣòro gan-an àti ohun tí yóò tún un ṣe: ó ṣòro láti mọ ìgbà tí àwọ̀ yí tán, lo colorimeter (ẹ̀rọ tó ń wọ̀n bí àwọ̀ ṣe jìn tó); ooru omi inú bíkà ń lọ sílẹ̀, lo water-bath tó ń darí ooru fúnra rẹ̀; concentration mẹ́ta kò tó láti mọ ibi tó ga jù, fi àwọn mìíràn sáàárín wọn.

Pépà 5: ètò àti ìṣirò

Máàkì 15 fún ètò, 15 fún ìtúpalẹ̀ èsì. Ètò tó dára ni èyí tí ẹlòmíràn lè kà kó sì ṣe iṣẹ́ náà láìbi ọ́ léèrè ohunkóhun. Wo àpẹẹrẹ yìí: báwo ni pH ṣe kan iṣẹ́ catalase inú pòtétò?

Ohun tí o ń yí padà ni pH: lo buffer (omi èròjà tí kì í jẹ́ kí pH yí) pH 4, 5, 6, 7 àti 8, ó kéré tán márùn-ún. Ohun tí o ń wọ̀n ni oxygen tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 60 àkọ́kọ́, ní cm³, pẹ̀lú gas syringe. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yí: fi cork borer kan náà gé pòtétò, dísíìkì mẹ́wàá tó nípọn bákan náà, hydrogen peroxide 20 cm³ tí concentration rẹ̀ kò yàtọ̀, water-bath 25 °C, kí gbogbo rẹ̀ jókòó nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kí o tó dà wọ́n pọ̀. Control rẹ ni dísíìkì tí a sè tí a sì jẹ́ kó tutù. Ṣe pH kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́ta ó kéré tán, yọ èyí tó yàtọ̀ gédégbé, ṣírò mean. Hydrogen peroxide lè ba awọ ara àti ojú jẹ́, nítorí náà gọ́gù àti ìbọ̀wọ́.

Kíyè sí i pé control àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ yí kì í ṣe nǹkan kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ "keep temperature constant" níbi tí wọ́n ti béèrè control. Control ni ìwádìí tí a yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, kí a lè mọ̀ pé òun ló fa èsì. Bákan náà, "keep temperature constant" nìkan kò gba máàkì. Sọ ohun tí o fi ń mú un dúró.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò statistics. Wọ́n máa ń fún ọ ní fọ́múlà, nítorí náà mímọ èyí tó yẹ ló ṣe pàtàkì. Ìyàtọ̀ láàárín mean (ìpíndọ́gba) ẹgbẹ́ méjì: t-test. Iye ohun tí a kà sínú ìsọ̀rí: chi-squared. Ìbátan nǹkan méjì tó lọ ní ìlà títọ́, tí dátà rẹ̀ sì pín ní normal distribution: Pearson. Bó bá jẹ́ ipò ni a tò wọ́n sí, tàbí tí kò lọ ní ìlà títọ́: Spearman.

Ká ṣe chi-squared kan. Ọmọ 160 láti inú àgbékalẹ̀ 9:3:3:1, a ń retí 90, 30, 30 àti 10. Ohun tí a rí ni 84, 36, 28 àti 12. Yọ èyí tí a ń retí kúrò nínú èyí tí a rí, fi iye náà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ (square), fi èyí tí a ń retí pín in: 0.4, 1.2, 0.13 àti 0.4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.13. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni, degrees of freedom (iye ìsọ̀rí, yọ ọ̀kan) jẹ́ 3, critical value (ààlà tí a fi ń wé iye tí a ṣírò) ní p = 0.05 sì jẹ́ 7.82. 2.13 kéré sí i. Ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣìnà: má kọ pé "the results are correct". Kọ pé iye tí o ṣírò kéré sí critical value, a kò ta null hypothesis (àbá pé kò sí ìyàtọ̀ gidi) nù, ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a rí àti ohun tí a ń retí kò significant, èèṣì ló fà á.

Pépà 1 àti 4 ní kúkúrú

Nínú Pépà 1, ìdáhùn tó kùnà kò gé máàkì, nítorí náà má fi àyè kankan sílẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 112 ló wà fún ìbéèrè kan. Bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, ronú tìrẹ, kí o tó ṣí wọn wò. Àwọn tó kọ wọ́n mọ àṣìṣe tí o máa ṣe, wọ́n sì ti gbé e kalẹ̀ dè ọ́. Èyí tó bá gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ, sàmì sí i, kọjá lọ.

Pépà 4 ni Hardy–Weinberg, ìṣirò bí allele (oríṣi gene kan) ṣe pọ̀ tó nínú àwùjọ, ti ń yọjú: q ni ìdá allele recessive, p ni ti dominant. Bí ẹnì kan nínú 400 bá ní àìsàn tó jẹ́ recessive, q² jẹ́ 0.0025, kì í ṣe q. Nítorí náà q jẹ́ 0.05, p jẹ́ 0.95, àwọn tó gbé e láìṣàìsàn, 2pq, jẹ́ 0.095. Kọ ìgbésẹ̀ rẹ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà: bí nọ́ńbà ìkẹyìn bá kùnà, ìgbésẹ̀ náà ṣì lè gba máàkì.

Bí a ṣe ń lo ìbéèrè àtẹ̀yìnwá

Sílábọ́ọ̀sì yí padà láti ìdánwò 2022. Kí ó tó dìgbà yẹn, Pépà 4 ní Section B, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yan ìbéèrè aláròkọ kan fún máàkì 15. Ìyẹn ti lọ. Orí tó jẹ́ ti gas exchange ní ọ̀rọ̀ sìgá mímu nínú nígbà yẹn, ìyẹn náà ti kúrò. Ìbéèrè ọdún ṣáájú ṣì wúlò, àmọ́ gbé sílábọ́ọ̀sì tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣe pépà náà pẹ̀lú aago, láìwo ìwé. Lẹ́yìn náà ni mark scheme, ìwé tí olùmáàkì fi ń fún máàkì, o sì gbọ́dọ̀ mọ èdè rẹ̀. Àmì ; ń ya kókó kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, àmì / ń fi àfirọ́pò hàn. A ni pé wọ́n gbà á, R ni pé wọ́n kọ̀ ọ́, I ni pé wọn ò kà á sí. AW ni pé o lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́, ora ni pé o lè sọ ọ́ láti òdì kejì, ecf ni pé àṣìṣe tí o gbé bọ̀ láti apá tó ṣáájú kò ní jẹ́ kí o pàdánù máàkì tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà ìlà sí nídìí, òun gan-an ni wọ́n ń fẹ́, kò sí àfirọ́pò. Máàkì ara rẹ láìṣàánú. Bí o bá ń sọ pé "ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn", fi òdo sí i, nítorí olùmáàkì kò rí ọkàn rẹ.

Kó àwọn máàkì tí o pàdánù jọ sínú ìwé kan, kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: n ò mọ̀ ọ́n, n ò ka ìbéèrè dáadáa, ọ̀rọ̀ mi kò péye, yúnìtì. Lẹ́yìn pépà mẹ́fà tàbí méje, wo èyí tó pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ àìmọ̀, padà sínú ìwé. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò péye tàbí yúnìtì, má tún ka orí kankan. Gbé Pépà 5 mìíràn, àti Pépà 2 mìíràn, kí o máa kọ.